Ẹni Tí A Rán Kò Sá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Òyìnbó ní Oxford kéde pé àwọn ti fi ọ̀rọ̀ mélòó kan láti Nàìjíríà kún ìwé àwọn. Jápa wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìjanikin gbé ìròyìn náà káàkiri orí fóònù, inú wọn ń dùn. Inú tèmi náà dùn. Iṣẹ́ kíkọ́ni ní èdè Yorùbá àti ìtúmọ̀ èdè ni mo fi dàgbà, ẹni tó bá sì pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á mọ iyì kí ọ̀rọ̀ kúrò nílé wa kí wọ́n fún un ní ìjókòó nílé onílé.

Ṣùgbọ́n mo rántí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní 2020, ìwé kan náà ti gba tòkunbọ̀ wọlé. Orúkọ ọmọ ni tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ tiwa: ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé bọ̀ wálé. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó, ó ti di orúkọ mọ́tò àlòkù, fíríìjì àlòkù àti táyà àlòkù. Ọ̀rọ̀ bíbọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa, ọjà ni ó sì ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ lílọ ni wọ́n gbà tẹ̀lé e, ọmọ ènìyàn ni èyí ń tọ́ka sí. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé kì í ṣe Òyìnbó ló yí ìtumọ̀ kankan padà nínú méjèèjì. Àwa la ti yí i kí wọ́n tó bá a lẹ́nu wa.

Nínú kíláàsì ìtúmọ̀ èdè, láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ lílọ lè ru ju ìtumọ̀ kan lọ, mo máa ń fún àwọn ọmọ ní àyọkà kan tí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan, flight, ti fara hàn lónírúurú ọ̀nà: ti ẹyẹ, ti ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ti àwọn ará abúlé tí ogun ká mọ́lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí fífò. Ẹyẹ fò, ọkọ̀ fò, àwọn ará abúlé náà fò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ ní gbòǹgbò. Ní èdè Òyìnbó àtijọ́, flēogan ni kí ẹyẹ fò, flēon ni kí ènìyàn sá. Wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà pàápàá máa ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí orúkọ tirẹ̀, nígbà tí ó sì yá, ìró orúkọ méjèèjì di ọ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí flight fi jẹ́ fífò, tí ó tún jẹ́ sísá. Àwọn ará Jámánì ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀: fliegen ni fífò, fliehen ni sísá. Àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ èdè tún tẹ̀lé fly lọ sẹ́yìn jìnnà, wọ́n sì bá a níbi tí ó ti bá flow tan, ìyẹn kí omi máa ṣàn.

Yorùbá kò da fò àti sá pọ̀ rí. Fò tiwa gbòòrò: ẹyẹ ń fò, ọmọdé ń fò sókè, akẹ́kọ̀ọ́ fo ìbéèrè tí kò mọ̀, ẹni tí inú rẹ̀ dùn ń fò fẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà, àyà ń fò ó, a sì ń sọ fún un pé kó má fòyà. Nítorí náà ẹ̀rù kò jìnnà sí fò lọ́dọ̀ tiwa náà, ṣùgbọ́n àyà ló ń fò, ẹsẹ̀ ló ń sá. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí àyà ṣe àti ohun tí ẹsẹ̀ ṣe kì í ṣe ohun kan náà, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ọkọ̀ òfúrufú pàápàá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ nìkan ni a fi gbà á wọlé. Ọkọ̀ la pè é, omi sì ni ọkọ̀ ti wá kí ó tó gun orí ilẹ̀, kí ó tó gòkè. Ẹni tó ń darí bàálù láti Ìkẹjà ń wa ọkọ̀, apẹja tó fi àjẹ̀ ń la ọ̀sà kọjá ní ẹ̀yìnkùlé wa níhìn-ín náà ń wa ọkọ̀. Nígbà tí àwọn ológun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbéra ní Káírò tí wọ́n sì balẹ̀ sí Kánò ní 1925, tí bàálù di ohun tí a fojú rí ní Nàìjíríà, èdè Yorùbá ti ní ilé tí yóò gbà á sí. Títí di òní, ó ń gbéra bí arìnrìn-àjò, ó sì ń balẹ̀ bí ẹyẹ. Mo fẹ́ràn kí n máa fi èyí han àwọn ọmọ, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ti gbà pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun ìgbàlódé.

Ohun tí ó ń dùn mí ni ti àwọn ọ̀rọ̀ lílọ.

Yorùbá kì í lọ láìsọ irú lílọ tí ó lọ. Àjò ni ti ẹni tí yóò padà, ìdí rẹ̀ tí a fi ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìdálẹ̀ ni ti ẹni tó lọ jókòó síbòmíràn ṣe káràkátà, tí ó ń wálé lọ́dún. Àtìpó ni ẹni tí kò tíì mọ ibi tí òun yóò fìdí kalẹ̀ sí. Ìsáǹsá ni ẹni tí ó ṣẹ̀ tí ó sì ń fara pamọ́. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ogúnléndé. Ẹ wo inú rẹ̀: ogun ló lé e dé. Ìwọ tí o rí i lẹ́nu ọ̀nà rẹ kò ní láti bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, orúkọ tí a pè é ti jẹ́rìí sí i, ó sì ti bẹ̀ ọ́ kí o gbà á. Nígbà tí ogun tú ìlú àwọn Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́ olórí wọn kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, irú ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ nìyẹn, wọ́n sì fi ibi ìsádi náà ṣe Abẹ́òkúta.

Òkè òkun náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayé ọkọ̀ ojú omi ni. Láti 1951 títí di 1974 ni ọkọ̀ Aureol fi ń kó èrò láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Àpápá, èrò a sì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Mo bá àwọn àgbà tó fi ọkọ̀ náà lọ ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí mo kéré nídìí iṣẹ́. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, "a lọ kàwé" ni wọ́n máa ń wí. Lílọ náà ti mú bíbọ̀ dání. Ẹbí a sin ọmọ dé etíkun, ẹbí kan náà a sì tún padà lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú láwọn ọdún 1980, ìjọba gbé ìpolówó kan sórí tẹlifíṣọ̀n, òṣèré Enebeli Elebuwa sì ṣe ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Andrew, ẹni tí nǹkan ti sú, tí ó ní òun ń fi ìlú sílẹ̀. Wọ́n ní kó dúró kí a jọ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wo ìpolówó náà kò dúró. Orúkọ Andrew sì di ohun tí a ń pe gbogbo ẹni tó bá ń lọ. Níbẹ̀ ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ lílọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe oríṣiríṣi ènìyàn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́ jápa, ẹnu àwọn ọmọ gáréèjì àti ọmọ àdúgbò ni. Ọlọ́pàá yọ, wọ́n jápa. Ẹni tó jẹ gbèsè èésú jápa. Já tó wà nínú rẹ̀ ni já ti ewúrẹ́ tó já okùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò dágbére. Orin tí Naira Marley fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkọlé ní 2018 gbé e dé ilé tí kò dé rí, láàárín ọdún díẹ̀ sí i ó ti di ti nọ́ọ̀sì tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, ti ọmọ tó rí àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, ti ìyàwó tó ń lọ bá ọkọ. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì láti mú aya tàbí ọmọ dání, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní 2024, ohun tí mo gbọ́ níbi gbogbo ni pé jápa ti le. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n ti ya tọkọtaya.

Bàbá kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà kan láti gba èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí yunifásítì kan lókè òkun ń bèèrè fún. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí fi ọ̀yàyà wí pé, "Háà, Bàbá, òun náà ti jápa nìyẹn!" Kò ní èrò ibi lọ́kàn, ó kí i kú oríire ni. Ojú bàbá náà yí padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi kò sá o. Èmi àti ìyá rẹ̀ la rán an." Ó wá sọ fún wa pé ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun lọ́nà Àgbàdárìgì ni òun tà, pé gbogbo ẹbí ló péjọ lálẹ́ ọjọ́ tó máa lọ, pé wọ́n gbàdúrà fún un, pé àbúrò rẹ̀ méjì wà nílé, ọmọ náà sì mọ̀ pé òun ni yóò rán wọn lọ sí ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìpàdé ẹbí, ilẹ̀ títà, àdúrà, àdéhùn: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ẹni tí a rán ní ẹni tí yóò jábọ̀ fún. Ẹni tó já okùn, ta ni yóò jábọ̀ fún? Bí a bá ń pe ọmọ tí a rán ní ẹni tó jápa, kí ó má yà wá lẹ́nu bí ó bá gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an, nítorí àwa fúnra wa la ti sọ fún un pé okùn ti já.

Ọmọbìnrin kan kọ àròkọ fún mi lórí ìdí tí òun fi fẹ́ jápa. Ó kọ ọ́ dáadáa, gbólóhùn rẹ̀ gún. Mo pè é, mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó wò mí títí. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan tó ń lé mi, mà. Màmá mi wà ní Ítálì. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti lọ." Mo ní, ìyẹn ni pé ìwọ fẹ́ lọ bá ìyá rẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí ó ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí ayé fi lé e lọ́wọ́ kò jẹ́ kó rí i sọ. Àròkọ tí ó tún kọ mú wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, n kò ka irú rẹ̀ rí láti ọwọ́ ọmọ kíláàsì yẹn.

Mo tún ti kọ́ ọmọ kan tó sá ní tòótọ́. Ìjà àdúgbò jó ilé wọn, wọ́n sì ń fi orúkọ wá a káàkiri. Ó sùn kiri ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó yá ó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu láìmú ìwé ẹ̀rí kankan dání. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í déédéé sáré wọ inú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ọgbọ́n òwe yìí ni pé ó kọ́kọ́ gbà pé ìdí wà, ó sì ní kí a wádìí èwo nínú méjèèjì ni. Jápa kì í wádìí. Ẹni tó ń lé ejò àti ẹni tí ejò ń lé, jápa ni gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ yìí gbọ́ pé kò sí nílùú mọ́, ẹ̀rín ni wọ́n rín, wọ́n ní ó ti ráyè, ó ti jápa. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń jowú rẹ̀. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí gbogbo ayé bá ń sá, ta ni yóò gbọ́ igbe ẹni tó ń sá ní tòótọ́? Ká ní ogúnléndé ni wọ́n pè é, wọn ì bá ti dáwó fún un.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò fara mọ́ ohun tí mo ń wí. Wọ́n ní èdè kì í gbọ́ àṣẹ olùkọ́, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kò purọ́, pé nǹkan ń lé wọn. Èyí náà kò ṣeé jà níyàn. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sílé, ọjọ́ orí wọn ń gorí ara wọn. Mo ti rí olùkọ́ tó gboyè tí owó oṣù rẹ̀ kò tó gbé e láti Mile 2 dé Ìjanikin títí oṣù yóò fi parí. Nítorí náà n kò sọ pé kí a pa jápa rẹ́. Ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àwa àgbà ni wọ́n fi ń sùn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Àyè tó nínú èdè Yorùbá fún jápa, fún àjò, fún ìdálẹ̀, fún ọmọ tó lọ bá ìyá rẹ̀. Kò yẹ kí ẹyọ kan lé àwọn yòókù kúrò lójú ọ̀run.

Ẹni tó bá sì ń gbé etí òkun yìí ní ìdí tó ju ti ẹlòmíràn lọ láti ṣọ́ ọ̀rọ̀ lílọ. Ọ̀nà tó gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ wa kọjá ló lọ sí Àgbàdárìgì, níbi tí ọjà ẹrú Vlekete wà, tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wa gba erékùṣù Gberefu kọjá sínú ọkọ̀. Àwọn yẹn kò lọ, wọn kò sá, wọn kò rìnrìn àjò. Wọ́n kó wọn lọ ni. Ogun kó Àjàyí Crowther ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e dé Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní 1845, òun àti àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Àgbàdárìgì, wọ́n sì dúró níbẹ̀ títí di 1846 kí wọ́n tó rí ọ̀nà lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó kó ọ̀rọ̀ wa jọ sínú ìwé, ẹni tí wọ́n ti kó lọ rí ni, tí ó sì bọ̀. Àwọn mìíràn tó ti Sàró bọ̀ ti dé etíkun yìí ṣáájú rẹ̀, àwọn tó ti Brazil àti Kúbà bọ̀ náà sì dé sí Èkó. Yorùbá fún àwọn tó bọ̀ wọ̀nyí lórúkọ: Sàró, Àgùdà. Orúkọ iyì ni, wọ́n fi ń pe àdúgbò, wọ́n fi ń pe ìjọ pàápàá.

Lóde òní, orúkọ wo la ní fún ẹni tó bọ̀? Àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbìyànjú. Mo gbọ́ jápadà lẹ́nu wọn, já àti padà tí wọ́n so pọ̀, inú mi sì dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó fi hàn pé àwọn náà mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. Ó kàn jẹ́ pé a máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń bú ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún lọ́hùn-ún. Ọmọ tó ń padà bọ̀ wálé yẹ fún ọ̀rọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ, Tòkunbọ̀ sì wà nílẹ̀ tí a ti fi fún mọ́tò àlòkù.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá kọ jápa sínú àròkọ rẹ̀, ẹ má fi bírò pupa fà á. Ẹ kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kí ló ń lé ọ? Ta ló rán ọ? Ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ? Kí ẹ sì jẹ́ kó tún gbólóhùn náà kọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ta ilẹ̀, tí ẹ yáwó, tí ẹ sin ọmọ dé pápákọ̀ òfúrufú ní Ìkẹjà, ẹ má jẹ́ kí ó wọlé lọ láìgbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ̀yin lẹ rán an, kí ẹ sì dárúkọ iṣẹ́ náà fún un.